Mo Kọ Orúkọ Yín sí Ìwé Odò

Bàbá mi tí mi ò lè bá sọ̀rọ̀ mọ́ àfi lórí ìwé,

Mo ti dìde lórí àga yìí lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kọ ìlà àkọ́kọ́. Mo lọ wo ìkòkò tí kò sí lórí iná. Mo lọ fa géètì wò, géètì tí mo ti tì pa láti àárọ̀. Nígbà tí mo fi máa padà, bírò ti yí bọ́ sílẹ̀, inú sì bí mi sí bírò. Ara mi ò balẹ̀, Bàbá. Kò balẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ yín sí ìwé kan ní ọ́fíìsì, pé ẹ̀yin lẹ dí odò ẹ̀yìnkùlé wa. Mo kọ orúkọ náà ní kíkún, pẹ̀lú Àlàájì níwájú rẹ̀. Mo fọwọ́ sí i, mo sì wọ ọkọ̀ gbaka padà sílé bí ẹni tó lọ ra iyọ̀.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bínú. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ fún wa tí a bá ń jà pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yẹn ló ń lé mi kiri inú ilé yìí. Mo dá ẹjọ́ yín, mi ò gbọ́ tẹnu yín, mi ò sì wá ẹni tó lè sọ ọ́ fún mi.

Ọdún mẹ́rin ti pé tí ẹ ti lọ. Màmá ń bẹ. Orúnkún ló ń dà á láàmú, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò rọ. Èmi àti òun la jọ wà níhìn-ín, ní ilé yín ní Bingerville. Bùọ̀dá Lásísì ló ń mójú tó ìsọ̀ ohun èlò ìkọ́lé yín ní Adjamé. Ó ti kó àgádágodo lọ síbi tí páìpù máa ń wà, ó kó páìpù lọ sẹ́yìn pátápátá, àwọn oníbàárà yín àtijọ́ sì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ṣìnà. Wọ́n ṣì ń béèrè Àlàájì Oníṣòó. Mo ti ń lo gíláàsì ojú báyìí. Ká ní ẹ rí mi ni, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi obìnrin kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn, Faransé ló máa ń sọ, àmọ́ tí iná bá lọ tí mo sì ń ṣépè, gbogbo rẹ̀ ló máa ń yé e.

Ẹ rántí bí odò náà ṣe rí nígbà tí a kọ́kọ́ dé ibẹ̀? Láti òkè abúlé ló ti ń bọ̀, á gba ẹ̀yìn ilẹ̀ wa, á wọ ibi tí Tantie Adjoba aládùúgbò wa àti àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti máa ń fọ gbágùúdá tí wọ́n fi ń ṣe àtíẹ̀kẹ́, á wá lọ bọ́ sínú ọ̀sà. Omi náà mọ́ débi pé mo ń rí ìka ẹsẹ̀ mi nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí ní ọjọ́ tí ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà abúlé láti gba ilẹ̀ yìí. Ọkọ Tantie Adjoba ló ni ín. Wọ́n ní kí ẹ mú ọtí dání, nítorí pé lọ́dọ̀ àwọn Ébríé tó ni abúlé náà, wọ́n kì í fún àlejò nílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fi ọtí tọrọ lọ́wọ́ àwọn tó ti kú. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fọwọ́ kan ọtí, ẹ ní kí ẹni tó tà á fi ìwé ìròyìn wé ìgò náà, ẹ sì ní kí ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo gbá a mọ́ àyà láti ojú títì títí dé àgbàlá olóyè. Ìgò yẹn ló jẹ́ kí n wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ṣèlérí. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ yín, pé ohunkóhun tí ẹ bá kọ́ sórí ilẹ̀ náà, kí ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún omi. Ẹ na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ẹ ní ẹ gbọ́.

Ẹ̀yìn náà ni àwọn ọdún ìjàngbọ̀n dé, tí wọ́n ń sọ ọ́ lójú pópó pé kí àjòjì máa palẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù bà yín, mo mọ̀. Ẹ kì í sọ pé ẹ̀rù ń bà yín, àmọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ pupa, ọkọ̀ lórí ọkọ̀, ẹ ń dà á sórí odò títí ó fi di ojú àgbàrá tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàrin ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ mọ ògiri búlọ́ọ̀kù dí ìparí rẹ̀, ní ààlà àwa àti Tantie Adjoba. Ẹ ní ẹni tí kò bá ní ògiri, wọn á ní kò nílé. Ẹ wá sọ fún àwa ọmọ pé ejò pọ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dé ẹ̀yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Tó bá di Iléyá, tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ bá wá kí wa láti Treichville, ẹ máa ń mú wọn dé ibẹ̀. Ẹ máa ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ gbì, ẹ óò ní omi ló wà níhìn-ín tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló dà báyìí. Wọ́n á yìn yín, wọ́n á ní Àlàájì bá odò jà, ó dá a. Mo máa ń dúró lẹ́yìn pẹ̀lú abọ́ ẹran lọ́wọ́, mo máa ń wo ẹsẹ̀ yín, mo sì máa ń rántí ìgò yẹn. Mi ò sọ ọ́ fún yín rí pé mo rántí. Ṣé ẹ mọ̀?

Mo tún dìde. Ológbò ló ta abọ́ nù ní kíṣìnnì. Mo ti padà jókòó.

Ọjọ́ Àìkú nìkan ni ẹ kì í lọ sí Adjamé. Tí ẹ bá ti kírun àárọ̀ tán, ẹ máa ń wọ bàtà rọ́bà gígùn, ẹ máa mú ọ̀pá irin yẹn tó ga ju yín lọ, ẹ máa wọ ẹ̀yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ogun ejò la máa ń pè é. Màmá a máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé láti ìgbà tí Àlàájì ti ń jagun yìí, òun ò tíì rí ìrù ejò kan. Ẹ máa padà dé pẹ̀lú ṣòkòtò tó tutù dé orúnkún, ẹ máa jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa mu tíì gbígbóná. Ẹ kì í fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì, ọwọ́ lẹ fi ń ya á. Ẹ kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí tíì yẹn á fi tán. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe ń sinmi ni. Ṣe bí oníkálukú ló ní bó ṣe ń ṣe é.

Ìgbà òjò àkọ́kọ́ tó tẹ̀lé ikú yín ni nǹkan yí padà. Omi kún sí ìdí ògiri, kò rí ibi gbà. Ó wá ya gba ẹ̀gbẹ́, ó wọ inú àbà àwọn obìnrin àtíẹ̀kẹ́, ó gbé gbágùúdá tí wọ́n ti rin sílẹ̀ lọ, ó pa iná wọn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ẹ̀kán omi kan ò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n fi ń ru omi láti ojú títì, àwọn obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí lọ́dọọdún láti ìgbà náà, omi pọ̀ jù, omi ò sí. Tantie Adjoba ò kí mi mọ́. Tí mo bá kí i, á kàn máa bó gbágùúdá rẹ̀ lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìlérí yẹn ló ń bí i nínú. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé tí òjò kan bá tún gbé ọjà àwọn lọ, àwọn máa gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ olóyè. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún wa. Ìwé abúlé la fi di ilẹ̀ yìí mú. Tí abúlé tó fún àlejò nílẹ̀ bá ní ó tó gẹ́ẹ́, níbo ni àlejò fẹ́ dúró sí?

Èmi àti Bùọ̀dá Lásísì ò lágbára àtitún un ṣe. Ìgbà náà ni a gbọ́ nípa ìrànwọ́ kan. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ kan wá ṣe ìpàdé ní abúlé, wọ́n ní àwọn ń wá àwọn onílẹ̀ tí odò gba ilẹ̀ wọn kọjá, gbogbo odò kéékèèké tó ń lọ sínú ọ̀sà. Onílẹ̀ tó bá gbà láti dá etí odò padà fún omi, àwọn máa san owó katakata tó máa kó ilẹ̀ pupa kúrò, àwọn máa wó ògiri, àwọn máa gbin ọparun àti igi ọ̀gọ̀rọ̀ sí etí rẹ̀ kí bèbè má baà ya. Tiwa ni kí a fi ilẹ̀ sílẹ̀, kí a sì máa tọ́jú igi náà títí wọ́n á fi dúró. Mo wò ó pé ọ̀nà là.

Fọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Ìbéèrè pọ̀ nínú rẹ̀, mo sì dáhùn gbogbo rẹ̀ wéré. Ó wá ku ọ̀kan. Wọ́n béèrè ohun tó dí omi, àti ẹni tó dí i. Madame tó ń bójú tó fáìlì wa, ọmọbìnrin kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ mi, ṣàlàyé pé kì í ṣe nítorí àtifìyà jẹ ẹnikẹ́ni, pé àwọn kàn fẹ́ mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí wọ́n lè mọ bí àwọn ṣe máa tún un ṣe ni. Mo gbé fọ́ọ̀mù náà wálé. Ọjọ́ márùn-ún ló fi wà lórí fìríìjì. Bùọ̀dá Lásísì ní kí n kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a. Ó ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, pàápàá fún àwọn tí kò mọ ilé náà rí. Màmá ń fi òróró pa orúnkún rẹ̀ ní tirẹ̀.

Òwe Bùọ̀dá Lásísì yẹn tọ̀nà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ kẹfà, mo pàdé Tantie Adjoba lójú títì pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì méjì, mo fẹ́ gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kúrò lọ́wọ́ mi. Inú bí mi. Kì í ṣe sí òun, sí ẹ̀yin ni. Mo wálé, mo mú fọ́ọ̀mù náà lọ sí ọ́fíìsì, ibẹ̀ ni mo ti kọ orúkọ yín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìbínú ni mo fi kọ ọ́. Mo pè é ní òótọ́ nígbà yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí ni wọ́n wá gbẹ́ ìdí ògiri wò kí wọ́n tó mú katakata wá. Òṣìṣẹ́ méjì àti Madame. Wọ́n gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà níwájú, wọ́n gbẹ́ ẹrẹ̀ dé bí ìdajì ẹsẹ̀ ènìyàn, ṣọ́bìrì wá kan nǹkan. Mo rò pé òkúta ni. Páìpù ni, Bàbá. Páìpù dúdú méjì, èyí tó tóbi jù lọ nínú ìsọ̀ yín, ẹ tẹ́ wọn sábẹ́ ògiri, ẹ fi sìmẹ́ǹtì yí wọn ká dáadáa bí iṣẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́. Láti inú ilẹ̀ wa sí inú ilẹ̀ Tantie Adjoba. Ọ̀rá, ewé, ìyẹ̀pẹ̀ àti bàtà ọmọdé kan ló dí wọn pa. Ní iwájú ẹnu páìpù náà, ẹ tò búlọ́ọ̀kù méjì kalẹ̀ fún ẹsẹ̀ méjì. Ojú wọn ti dán, ó ti jẹ wọnú níbi tí gìgísẹ̀ máa ń wà.

Òṣìṣẹ́ kan fọwọ́ pa ẹnu páìpù, ó ní irin ti ha á lára, ó ní ẹnìkan ń fi irin kọ́ ìdọ̀tí kúrò lẹ́nu rẹ̀ déédéé fún ọdún púpọ̀. Ó bi mí ta ni. Mo gbójú sókè, mo rí Tantie Adjoba tó ti wá dúró lẹ́yìn ògiri, ní ibi tó ti sán. Ó ń wo búlọ́ọ̀kù yẹn bí mo ṣe ń wò ó.

Ó ní: “Le vieux ni, bàbá yín. Gbogbo dimanche, gbogbo ọjọ́ Àìkú. Tó bá ti kọ́ ìdọ̀tí rẹ̀ tán, á pè mí láti orí ògiri pé, Adjoba, omi ń bọ̀? Tí mo bá rí i, màá ní ó ń bọ̀, lọ mu tíì ẹ.”

Mo bi í ìdí tí kò fi sọ fún wa, gbogbo ọdún mẹ́rin yìí. Ó ní:

“Ma fille, ọmọ mi, mo rò pé ẹ mọ̀. Mo rò pé ẹ̀yin ọmọ ló ní kó má ṣàn mọ́.”

Bàbá, inú ẹrẹ̀ ni mo jókòó sí. Ọdún mẹ́rin ni obìnrin yìí fi ń wò mí bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ dí omi mọ́ òun, èmi náà sì ń wò ó bí ẹni tó ń bínú sí òkú. Nítorí ògiri kan tó wà láàrin wa, tí ẹ̀yin nìkan ń gba orí rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi, àmọ́ ta ló máa dá mi lóhùn? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa? Ṣé nítorí ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń kilẹ̀ níwájú àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ojú ń tì yín kí wọ́n má baà gbọ́ pé Àlàájì tó dá odò ń lọ bá odò náà ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ó ń la ọ̀nà fún un? Àbí ẹ rò pé ẹ máa pẹ́ láyé títí ayé? Ejò tí ẹ fi dẹ́rù bà wá yẹn, ṣé kí ẹsẹ̀ wa má baà wọnú omi ni, àbí kí a má baà rí yín? Màmá gbọ́ ọ̀rọ̀ páìpù náà, ó ní èyí tí òun fi ẹnu òun pè ní ogun ejò, kí Ọlọ́run forí jin òun. Bùọ̀dá Lásísì ní òun rí i lọ́jọ́ tí ẹ gbé páìpù méjì náà kúrò ní ìsọ̀ ní fẹ̀ẹ̀rẹ̀, pé òun rò pé ọ̀rẹ́ yín kan lẹ fẹ́ gbé e fún. Ó fi ẹnu àkéte nu ojú, ó ní eruku ni.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n tètè kọ ọ́ kí n tó tún dìde. Nígbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ máa ń di ọwọ́ mi mú, ẹ máa ń béèrè bóyá ẹnìkan ti dé ẹ̀yìnkùlé. Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni, a ti dé ibẹ̀. Ẹ máa béèrè bóyá ó ń lọ. Mi ò mọ ohun tí ẹ ń sọ, mo rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀. Mo máa ń ní ó ń lọ, Bàbá, ó ń lọ dáadáa. Ojú yín á wá rọ̀, ẹ óò sùn. Mo ń yọ̀ nígbà yẹn pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń tu aláìsàn nínú. Irọ́ mi lẹ gbé lọ. Ẹ lọ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé àwọn ọmọ yín ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín.

Ọ̀pá irin náà ńkọ́? Ní fídáù ọjọ́ kẹjọ tí a pín ẹrù yín, aṣọ, aago, ràkúnmí kékeré tí ẹ rà ní Mẹ́kà, kò sẹ́ni tó fẹ́ ọ̀pá. Mo rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnnì, mo ta okùn aṣọ mọ́ ọn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń sá aṣọ sórí rẹ̀, tí omi ń kún ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ ogún sí i.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo padà sí ọ́fíìsì. Mi ò lè dúró de ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé ni katakata ń bọ̀. Mo ní kí Madame fún mi ní fọ́ọ̀mù wa kí n tún ìdáhùn kan ṣe. Ó fi sùúrù sọ fún mi pé fáìlì ti lọ sókè, wọ́n ti fọwọ́ sí ìrànwọ́ náà, ìdáhùn yẹn ò sì ní yí nǹkan kan padà. Mo ní mo mọ̀. Ó tún un sọ. Mo tún ní mo mọ̀, mi ò dìde. Àwọn ènìyàn tó wà lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Níkẹyìn ó fún mi ní ìwé funfun kan, ó ní òun á so ó mọ́ fáìlì. Mo kọ ọ́ ní Faransé, nítorí wọn ò ní lè ka tiwa, àmọ́ èyí ni ohun tó wà nínú rẹ̀: Bàbá wa ló mọ ògiri. Ó la ọ̀nà sábẹ́ rẹ̀ fún omi, ó sì ń tọ́jú ọ̀nà náà títí ó fi kú. Àwa ọmọ rẹ̀ la jẹ́ kí ó dí. Mo kọ orúkọ mi sísàlẹ̀. Mo kọ ti Bùọ̀dá Lásísì pẹ̀lú. Mi ò tíì sọ fún un, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ṣé a ṣì máa wó ògiri náà? A máa wó o, Bàbá. Mo ti rò ó títí orí ń fọ́ mi. Páìpù yín dára, iṣẹ́ yín mọ́, àmọ́ ìlérí tí ẹ ṣe lójú àwọn àgbà kì í ṣe pé kí ènìyàn kan máa lọ kọ́ ìdọ̀tí lẹ́nu páìpù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀nà ni ẹ ní ẹ máa fi sílẹ̀. Orúnkún yín lẹ gbé gbogbo rẹ̀ lé, orúnkún sì ń tán. Mo ń bínú sí yín lórí ìyẹn, mi ò ní purọ́ fún yín mọ́. Mo ń bínú sí yín, mo sì ń ṣàárò yín, ọkàn kan náà ni mo fi ń ṣe méjèèjì, bóyá ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè jókòó.

Òní ni ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, mo kó aṣọ kúrò lórí okùn, mo fa ọ̀pá yọ. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wọ bàtà rọ́bà yín, mo ki àkísà sí orí rẹ̀ kó lè gbà mí. Mo dúró sórí búlọ́ọ̀kù méjì yẹn. Ẹsẹ̀ yín gùn ju tèmi lọ, ibi tó jẹ wọnú yẹn ṣẹ́kù sí mi lẹ́yìn gìgísẹ̀. Mo ti ọ̀pá bọ páìpù, mo ń tì í, mo ń fà á. Ó le. Ọwọ́ mi bó. Ọ̀rá ń jáde, mo tún ń tì í. Mo ń rò pé báyìí ni ẹ ṣe ń ṣe é ní ọjọ́ orí àádọ́rin. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo wá rí i tí omi tó wà lẹ́sẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀díẹ̀, ó ń lọ síbi ọ̀pá.

Mo pè láti orí ògiri.

“Tantie Adjoba, omi ń bọ̀?”

Mo gbọ́ ọ̀bẹ lára gbágùúdá, ó ń bó lọ. Mo tún ti ọ̀pá wọlé, títí dé apá. Mo tún pè é. Ọ̀bẹ náà dákẹ́. Mo gbọ́ ìró bàtà, mo gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ó pẹ́ níbẹ̀.

“Ó ń bọ̀,” ó ní. “Lọ mu tíì ẹ.”

Tíì náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, Bàbá. Mo fi ọwọ́ ya búrẹ́dì. Tíì ti tutù, nítorí bí mo ṣe ń dìde ṣáá, àmọ́ màá mu ún tán.

Ó ń lọ, Bàbá. Lọ́tẹ̀ yìí, mo lọ wò ó.

Èmi ni,
ọmọ yín tó gbé ìgò.